Ọ̀já Tó Wà Láyà Bàbá

Leeds, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
28 Oṣù Keje, 2024

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò, ẹ kú oko, ẹ sì kú àìrí wa. Mo mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìdógùn ti tún bá òjò lọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí Yahya lè tẹ̀ ẹ́ jáde l'Ọ̀wọ̀, kó sì fi rán awakọ̀ sí yín bó ti máa ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ti di póòsì wa pátápátá. Ẹ bá mi kí i, ẹ ní kó má bínú.

Èmi àti Ammar ọkọ mi wà ní àlàáfíà. Oyún inú mi ti ń tàpá, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìhà mi sókè, débi pé èmi tí mo ń kọ́ aláìsàn bí wọ́n ṣe ń mí, èmi gan-an ni mo ń mí hẹlẹhẹlẹ tí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn wa. Ẹ sọ fún Bàbá, mo mọ̀ pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ fún wọn pé iṣẹ́ mi níbí ni kí n máa tọ́jú àyà àti egungun ìhà àwọn aláìsàn kí èémí wọn lè já gaara, wọn ò yé sọ fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí pé àwọn òyìnbó ti gbàgbé bí a ṣe ń mí, ọmọ àwọn ni wọ́n ránṣẹ́ pè.

Màmá, ọ̀rọ̀ ọ̀já ni mo tún gbé dé. Ọ̀já aláró yẹn tí Ìyá Àgbà hun fún yín, tí ẹ fi pọn Yahya, tí ẹ sì fi pọn mí. Mo ti béèrè, mo tún béèrè, ẹ kàn ń sọ pé mo gbọ́. Naimat ọmọ ìyá Ammar ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí i, àyè sì wà nínú àpò rẹ̀. Aṣọ ìpọnmọ tí wọ́n ń tà níbí kún fún bọ́tìnì àti okùn bíi ti àpò ọmọ iléèwé. Mi ò fẹ́ ẹ. Ohun tó gbé mi dàgbà ni mo fẹ́ fi gbé ọmọ tèmi.

Tí inú yín ò bá dùn pé ibí ni mo máa bímọ sí, ẹ sọ ọ́ sí mi létí. Ẹ má fi ọ̀já bá mi jà.

Ọmọ yín,
Toyyibah


Ìdógùn
9 Oṣù Kẹjọ, 2024

Toyyibah Àyọ̀ká, ọmọ mi,

Wẹ́rẹ́ lewé ń bọ́ lára igi, wẹ́rẹ́ ni wàá bí. Ọlọ́run ò ní fi ọ́ han aráyé. A dúpẹ́ pé ara rẹ le. Tí oyún bá ń ti ìhà sókè, ọkùnrin ni, ìyẹn ni wọ́n sọ fún mi nígbà tí mo lóyún rẹ, mo sì bí ọ lóbìnrin, nítorí náà má tẹ́tí sí ẹnikẹ́ni.

Mo ti fi ẹ̀gúsí, ata gígún, òrí àti ọṣẹ dúdú rán Naimat. Òrí yẹn, má jẹ́ kí ọkọ rẹ fi pa ẹsẹ̀, ara ọmọ ni mo rà á fún.

Ní ti ọ̀já, ó wà. Kò sọnù, eku ò sì jẹ ẹ́. Ó kàn wà lẹ́nu iṣẹ́ kan ni, tó bá parí iṣẹ́ yẹn wàá rí i gbà. Má bi mí pé iṣẹ́ wo. Aboyún kì í gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ ń kí ọ. Wọ́n ń sinmi ohùn wọn díẹ̀. Múdàṣírù ọmọ iṣẹ́ wọn ló ń pe ìrun fún wa báyìí. Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ páànù nílẹ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ń gbọ́ tirẹ̀ náà. Iṣu wa ti ń ta dáadáa, iṣẹ́ aṣọ rírán ò sì burú, àwọn ará Ẹlẹ́gbẹ́ka ń gbé tiwọn wá bá mi.

Máa jẹun. Má gbé nǹkan tó wúwo.

Èmi ìyá rẹ,
Àbẹ̀ẹ́bí


Leeds
13 Oṣù Kẹjọ, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Naimat dé, ó sì kó ẹ̀gúsí àti ata fún mi, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á máa bù kún yín. Mo tú àpò náà títí dé ìsàlẹ̀. Mo gbọn àwọn aṣọ rẹ̀ pàápàá, ojú sì tì mí níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀já wo ló ń ṣiṣẹ́, Màmá? Kò sí ọmọ ọwọ́ nínú ilé yín. Àbí ìyàwó Yahya ni ẹ fún? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún mi kí n sunkún rẹ̀ kí n gbàgbé. Mo mọ̀ pé ilé ni òun wà, òun ló ń bá yín gé ata, òun ló ń bá yín gbé korobá. Èmi ni mo fi yín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àdììtú dá mi lóhùn.

Nǹkan kejì ni ti Bàbá. Mo ka ibi tí ẹ ti ní wọ́n ń sinmi ohùn, ara mi ò gbà á. Bàbá tí ibà gbọ̀n jìgìjìgì tí wọ́n ṣì lọ pe ìrun àṣùbáà? Bàbá tó kọ̀ kí wọ́n so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n ní bí èémí ládàánì ò bá gbé ohùn rẹ̀ dé oko, kó lọ máa ṣe ìmàle nílé ara rẹ̀? Mo pe Yahya. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan. Yahya ò mọ irọ́ pa, Màmá, láti kékeré ló ti jẹ́ pé tó bá ń purọ́ á kọ́kọ́ wúkọ́.

Kí ló ń ṣe Bàbá?

Toyyibah


Ìdógùn
22 Oṣù Kẹjọ, 2024

Ọmọ mi Àyọ̀ká,

Mo jókòó ti ìwé yìí pẹ́. Mo ti ní kí Yahya má sọ fún ọ, torí náà má bá a jà, èmi ni kí o bá jà.

Bàbá rẹ ṣubú. Ìjì ṣí páànù mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì gun orí òrùlé lọ kàn án. Ìwọ náà mọ bàbá rẹ. Wọ́n ti fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n kọ́, ṣùgbọ́n páànù mọ́ṣáláṣí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án àfi àwọn. Àkàbà yọ̀. Ìhà òsì wọn ló kọ́kọ́ kan orí pákó tó wà nílẹ̀. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ lé ibẹ̀, tí wọ́n bá mí, nǹkan kan á máa dún kẹ̀kẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ iyanrìn mọ́lẹ̀. Ìró yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Ìyá Qudirat ẹ̀gbọ́n wọn ló kọ́kọ́ dé. Ó ní egungun ìhà tó bá ti ṣẹ́ máa ń rìn, bí a ò bá dè é, á rìn dé ọkàn. Ó ní kí n mú aṣọ tó gbó dáadáa tí kì í fà wá. Ọ̀já rẹ ni mo ti fọ̀, mo sá a sórí okùn kí Naimat lè mú un lọ. Òun ló wà nítòsí. A dè é yí wọn lára pinpin, láti abẹ́ apá dé ibi ikùn, ìrora yẹn sì rọlẹ̀ lójú wa. Ọ̀já tó gbé ọmọ mi méjèèjì tí wọn ò fi bọ́ ló gbé ọkọ mi ró báyìí. Ṣé o rí i pé mi ò fún ìyàwó ẹnikẹ́ni?

Ìyá Qudirat ní kí wọ́n má wúkọ́, kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má sọ̀rọ̀ jù, kí wọ́n sì máa fẹ̀yìn lélẹ̀ kí egungun lè mú. Mo ti lé Múdàṣírù kúrò nínú ilé nítorí àwàdà rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ wúkọ́, mo máa ń fún wọn ní oyin kó lè padà sísàlẹ̀. Wọn ò fẹ́ ilé ìwòsàn, wọ́n ní kòtò ojú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ á tún ìyókù ṣẹ́. Ara wọn ti ń balẹ̀, oorun ni wọ́n ń sùn ṣáá.

Ìdí tí mi ò fi sọ fún ọ nìyẹn. Mo bẹ̀rù oyún rẹ.

Ìyá rẹ,
Àbẹ̀ẹ́bí


Leeds
23 Oṣù Kẹjọ, 2024

Màmá mi, Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé mi ò kí yín pẹ́. Mo ti ní kí Yahya gbé ìwé yìí wá fúnra rẹ̀, kó má fi rán awakọ̀ kankan.

Ẹ tú ọ̀já yẹn lónìí. Mi ò sọ pé kí ẹ dẹ̀ ẹ́, mo ní kí ẹ tú u.

Màmá, ẹ lọ wo korobá tó wà lẹ́yìnkùlé. Ọwọ́ rẹ̀ tó jẹ́ irin, tí ẹ bá jẹ́ kó sùn sílẹ̀, ara korobá ló ń sùn mọ́. Tí ẹ bá gbé e sókè, á kúrò lára korobá, á jáde sí ẹ̀gbẹ́. Bí egungun ìhà wa ṣe ń ṣe nìyẹn nígbàkígbà tí a bá mí sínú. Ó ń gbéra, ó ń fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Iṣan pẹlẹbẹ kan wà tó dá àyà yà kúrò lára ikùn, òun náà á sọ̀kalẹ̀ lákòókò kan náà. Àyè á wá ṣí nínú àyà, àyè yẹn ló ń fa afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ìhà ò bá fẹ̀, àyè ò ní ṣí, afẹ́fẹ́ ò sì ní dé ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró á pa dé. Ikọ́ tí wọn ò wú jáde, tí ẹ ń fi oyin lé padà, á jókòó síbẹ̀, á sì bàjẹ́ bí omi adágún. Ohun tó ń pa àgbà tó bá fi ìhà ṣubú nìyẹn, Màmá. Egungun kọ́ ló ń pa wọ́n.

Ìyá Qudirat fẹ́ràn Bàbá, mo mọ̀. Àwọn dókítà ibí pàápàá ń de àyà aláìsàn láyé àtijọ́, wọ́n rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Egungun ìhà kì í rìn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn, ó so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Níwájú, ó so mọ́ egungun àyà. Ẹran tó wà láàárín rẹ̀ àti èkejì rẹ̀ sì dì í mú. Bàbá ti kan òrùlé tó pọ̀, wọ́n mọ̀ pé igi kan lè sán kí àwọn yòókù ṣì gbé e dúró. Tó bá máa gún nǹkan, ọjọ́ tó ṣẹ́ ló sábà máa ń gún un, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí wọ́n lọ ya fọ́tò àyà l'Ọ̀wọ̀ kí dókítà sì fún wọn ní oògùn ìrora tó tó.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má dùbúlẹ̀ gbalaja. Ẹ fún wọn ní ìrọ̀rí kí wọ́n gbá a mọ́ ibi tó ń dùn wọ́n, kí wọ́n mí sínú dáadáa, kí wọ́n dá a dúró díẹ̀, kí wọ́n sì wúkọ́ náà jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é ṣáá jálẹ̀ ọjọ́. Á dùn wọ́n. Ẹ jẹ́ kó dùn wọ́n. Ẹ pe Múdàṣírù padà kó wá máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Oorun tí ẹ ní wọ́n ń sùn ṣáá yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Toyyibah


Ìdógùn
29 Oṣù Kẹjọ, 2024

Toyyibah,

Mo kí ọ. Mo ń sọ ọ́. Ìyá rẹ ń kọ ọ́. Mo ní kó má fi tirẹ̀ kún un.

Yahya mú ìwé dé. Wọ́n kà á sí mi. O ní korobá. Ó dáa. O ní òrùlé. Ó dáa. Mo ti ń mí kí wọ́n tó bí ẹni tó kọ́ ọ.

Wọ́n tú u. Nítorí ìwé rẹ. Mo sunkún. Níwájú Múdàṣírù. Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́. Mo ní kí wọ́n dè é padà. Ẹ̀gbọ́n mi dè é. Ó le ju ti àkọ́kọ́. Ìrora lọ. Yahya ní ká lọ Ọ̀wọ̀. Mo ní mi ò lọ. Mo ní ara mi ti yá. Ó padà.

Àgbà á fi ìjókòó rí i. Ọmọdé ò ní fi ìdúró rí i. Èmi tiẹ̀ dùbúlẹ̀ ni. Mo ti ronú.

Kí n tó ṣubú. Ọ̀já lò ń béèrè. Mo wá ṣubú. Ọ̀já náà lo tún ń béèrè. O kàn gba ọ̀nà ẹ̀yìn ni. O ò ní ò ń bọ̀ wá wò mí. O ní kí wọ́n tú u. Mo mọ ohun tó o fẹ́.

Mo ṣì ń lò ó. Tí mo bá lò ó tán. Ìyá rẹ á fi ránṣẹ́.

Má kọ́ mi ní mímí mọ́.

Kàsúmù, bàbá rẹ


Leeds
30 Oṣù Kẹjọ, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo ka ìwé yín nínú ọkọ̀, mo sì bọ́ sílẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibùdó mi.

Ẹ jó ọ̀já náà.

Mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Ẹ ní kí Màmá tú u kúrò lára yín, kí wọ́n da kẹrosíìnì sí i, kí wọ́n jó o níwájú yín kí ẹ fojú ara yín rí i. Tó bá ti di eérú, ẹ ò ní rí ohun tí ẹ máa sọ pé mo ń wá mọ́ àfi ẹ̀yin. Ọmọ tó wà nínú mi á sùn lẹ́yìn mi nínú aṣọ èyíkéyìí. Ibo ni mo ti fẹ́ rí bàbá mìíràn?

Ẹ ní mi ò wá wò yín. Oyún mi ti pọ́n, Bàbá, ọkọ̀ òfurufú ò ní gbé mi mọ́. Ká ní wọ́n á gbé mi ni, iwájú yín ni mi ò bá wà, ẹ ò bá sì ti máa lé mi kúrò nínú yàrá.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ lẹ́tà tí èèyàn ò ní rí ibi sinmi nínú rẹ̀, ẹ ò rí gbólóhùn kan tó gùn sọ. Màmá dá a dúró níbi tí ẹ ti dá a dúró. “Kí n tó ṣubú.” Ẹ mí. “Ọ̀já lò ń béèrè.” Ẹ tún mí. Mo ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́ mi. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ní gége-gége bẹ́ẹ̀, àyà rẹ̀ ti ń tì. Ìbínú yín ń mú inú mi dùn nítorí ó fi hàn pé ẹ ṣì lágbára, ṣùgbọ́n èémí yín ò gbé ìbínú náà dé òpin.

Ẹkún tí ẹ sun, àwọn ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀ jù yín lọ ń sun ún lọ́dọ̀ mi. Mo máa ń di ọwọ́ wọn mú títí á fi rọlẹ̀. Kí Múdàṣírù rí omi lójú yín sàn ju kó kírun sí yín lára lọ.

Mo bẹ̀ yín. Ẹ tú u, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dè é padà.

Ọmọ yín,
Toyyibah


Leeds
8 Oṣù Kẹsàn-án, 2024

Màmá,

Mi ò rí ìwé kankan gbà. Fóònù Yahya ń dún, kò gbé e. Lánàá ó gbé e, mo gbọ́ agogo àti ariwo èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, ó ní “Toyyibah, fara balẹ̀,” ó sì gé e. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fara balẹ̀?

Ammar ti gba fóònù lọ́wọ́ mi kí n lè sùn. Mi ò sùn. Mo ń gbọ́ èémí ara mi, mo ń bi í bóyá èémí Bàbá ṣì ń lọ.

Ohunkóhun tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí mi. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ oyún bò ó mọ́lẹ̀ mọ́.

Toyyibah


Ọ̀wọ̀
15 Oṣù Kẹsàn-án, 2024

Àyọ̀ká mi,

Bàbá rẹ wà láàyè. Mo kọ ìyẹn ṣáájú kí o lè rí ara ka ìyókù.

Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀ nígbà tí ìwé rẹ tó sọ pé kí a jó o dé, èmi, bàbá rẹ àti Ìyá Qudirat. Mo kà á sókè. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, tí o ń kọ “ẹ mí, ẹ tún mí”, mo gbé ojú sókè, mo sì rí i. Bí o ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ihò imú wọn ń ṣí, ó ń pa dé, awọ ọrùn wọn ń wọlé sínú. Ojoojúmọ́ ni mo ń wò wọ́n tí mi ò rí i. Mo rò pé ìsinmi ni.

Bàbá rẹ wá sọ fún Ìyá Qudirat pé, “Ó ní kí wọ́n jó o.” Wọ́n tún sinmi. “Tú u.” Ìyá Qudirat kọ́kọ́ kọ̀, ó ní ọmọ Ọ̀ghọ̀, ọmọ Ọ̀wọ̀, kì í fi ikú ṣeré. Èmi ni mo tú u. Kókó yẹn le débi pé kò fẹ́ tú. Ìlà aró hàn yí ara wọn ká bí àmì okùn lára ẹran. Wọ́n pariwo, Toyyibah. Mo fi ìrọ̀rí tì wọ́n bí o ṣe wí, mo sì sọ̀rọ̀ sí wọn létí bí ẹni ń rẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n ibà ti wọ̀ wọ́n lára. Kó tó di ọjọ́ kejì wọ́n ń ṣe ìrànrán, wọ́n ń pe ìrun àílà ní ìgbà tí oòrùn ò tíì yọ, ète wọn sì ti dúdú. Yahya àti Múdàṣírù gbé wọn wá sí ilé ìwòsàn l'Ọ̀wọ̀. Nítorí náà ni Yahya ò ṣe lè bá ọ sọ̀rọ̀. Ẹkún ló ń sun.

Dókítà ya fọ́tò àyà wọn. Egungun ìhà mẹ́ta ló sán. Òtútù àyà ti gba ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró wọn lápá òsì. Ó bi wá pé ta ló dè wọ́n. Ìyá Qudirat ní òun ni, kò fi sí mi lọ́rùn. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ò sọ̀rọ̀ tó kọjá “ẹ kúuṣẹ́”. Ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń mí. Kọ̀wé sí i tí ara rẹ bá gbà á. Kò sẹ́ni tó máa rò pé ikú lòun ń so mọ́ àbúrò òun láyà.

Wọ́n fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí wọn nímú, abẹ́rẹ́ sì ń wọlé. Ọdún Igogo ń lọ lọ́wọ́ níbí, ìdí nìyẹn tí o fi gbọ́ agogo. O mọ̀ pé a kì í lu ìlù lásìkò yìí, ọkùnrin kì í sì í dé fìlà nígboro. Àná ni bàbá rẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tó yè kooro. Wọ́n wo àwọn ọkùnrin tó ń kọjá lójú fèrèsé, wọ́n ní gbogbo ìlú ti ṣí fìlà fún àwọn, àwọn ò sì tíì kú. Mo rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ńlá gbé wọn. Mo yára gbé ìrọ̀rí fún wọn.

Mi ò jó ọ̀já yẹn. Mo ti gbé e lọ sí ìdí ààrò kí a tó kúrò n'Ídógùn, bàbá rẹ sì fi ọwọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi pé rárá.

Ìyá rẹ,
Àbẹ̀ẹ́bí


Leeds
6 Oṣù Kẹwàá, 2024

Màmá mi, Bàbá mi,

Mo ti bí o. Obìnrin ni. Ó kéré, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde kò ké, mo sì ń wo ìhà rẹ̀ tó tín-ín-rín bí ẹ̀gún ẹja, ó dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà ó gbéra. Mo rí i tó fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ké, èmi náà sì ké. Rafiat ni a sọ ọ́.

Bàbá, Yahya ní ẹ ti padà sílé. Ẹ dákun, ṣé ẹ ṣì ń mí bí mo ṣe wí? Mo ti kọ̀wé sí Ìyá Qudirat. Mo ní kí wọ́n fi orúkọ tiwọn náà ránṣẹ́ sí ọmọ.

Mi ò béèrè nǹkan kan mọ́. Ẹ kàn máa mí fún mi.

Toyyibah


Ìdógùn
21 Oṣù Kẹwàá, 2024

Toyyibah Àyọ̀ká,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Rafiat tó kọ́kọ́ fẹ́ bá yín ṣe agídí kó tó mí. Ọmọ ọmọ mi ni lóòótọ́. Ìyá Qudirat ní Àṣàbí ni oríkì rẹ̀, ó sì ti sunkún ayọ̀ nítorí pé o béèrè lọ́wọ́ òun.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ èyí. Mo ń kọ gbólóhùn tó gùn kí o lè rí i, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọ, mo ti sinmi níbi tí o ò lè rí. Mo ń ṣe mímí rẹ. Ìyá rẹ á dúró sórí mi bí ọlọ́pàá pẹ̀lú ìrọ̀rí, màá mí, màá dá a dúró, màá wúkọ́. Múdàṣírù ti sọ fún gbogbo ìlú pé bàbá tó ní òyìnbó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mí ti wọ iléèwé lọ́jọ́ ogbó. Ó dùn mí, nígbà tí mo rẹ́rìn-ín sí i.

Mo gbìyànjú láti pe ìrun. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo kàn lọ dúró síbẹ̀ ṣáájú alásárì. Ohùn náà jáde, kò sì dé ìdí ọsàn tó wà níwájú mọ́ṣáláṣí tí èémí fi tán nínú mi. Mo dúró, mo tún mí, mo tún bẹ̀rẹ̀, ó tún tán. Múdàṣírù ti dé ẹ̀yìn mi. Ó gbà á lẹ́nu mi, ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ohùn páànù rẹ̀ yẹn. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó padà, ó sì ṣeé ṣe kó má padà. Mo ti ní kí wọ́n lọ ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún pé mo sunkún lọ́jọ́ náà, má sọ fún ìyá rẹ.

Mo sọ pé ọ̀já lò ń wá. Ọ̀rọ̀ yẹn ò dáa lẹ́nu bàbá. Nígbà tí o ní kí wọ́n jó o, ó dà bí ẹni pé o fi ọwọ́ kan mí láyà, mo sì mọ̀ pé ọmọ mi wà nínú yàrá yẹn.

Akínwọlé ọ̀rẹ́ Yahya ń bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ yín, òun ló mú ọ̀já náà dání. Ìyá rẹ ti fọ̀ ọ́, ó sì ti sá a. Fi pọn ọmọ rẹ. Ohun rere ni, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀ pé wọ́n dè é síbi tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n má so ó le. Mo mọ̀ pé o kàwé, mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n jù mí lọ, síbẹ̀ èmi ni mo ti wà nínú rẹ̀. Tí o bá ti so ó tán, ki ọwọ́ rẹ bọ àárín ọ̀já àti ìhà ọmọ. Tí ọwọ́ ò bá wọ̀, tú u, kí o tún un so.

Bàbá rẹ,
Kàsúmù